Ta Ló Tó Pe Àbẹ̀kẹ́ Lórúkọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń pè mí nígbà tí mo dé Àbíjáàn, kí n tó sọ ti ìyá kan tó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, ara mi ò sì yá gágá mọ́ láti máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ní kí n wá bá òun jókòó nísọ̀ ní Adjamé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Àbíjáàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó, àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn. Kí n tó kúrò nílé, wọ́n ti sọ fún mi pé oúnjẹ ibẹ̀ yàtọ̀, pé èdè ibẹ̀ yàtọ̀, pé òjò ibẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé orúkọ mi kò ní bá mi dé ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó nísọ̀, obìnrin kan dúró níwájú wa, ó nawọ́ sí àgádágodo kan, ó ní, "Ànàngó, c'est combien?", ìyẹn ni pé èló ni. Mo wojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo rò pé orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin, lẹ́nu obìnrin, lẹ́nu àwọn tó ń kọjá lọ. Mo bá ní:

"Bàbá, ta ni Ànàngó?"

"Èmi ni."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ìwọ náà ni. Ẹni tó ń ta bàtà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn náà ni. Gbogbo ẹni tó bá ti ń sọ èdè wa ni. Gbé páálí yẹn wá, jàre."

Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé Adjamé.

Ohun kejì tó bà mí lẹ́rù ni "tu". Ní ìlú yìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá á wo àgbàlagbà lójú, á ní "tu", ìyẹn ni pé "ìwọ". Kò sí "ẹ", kò sí "wọ́n". Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, mò ń bínú láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tún wá pè mí ní "le vieux", àgbàlagbà. Èmi tí n kò tíì gbéyàwó! Mo sọ fún un ní Yorùbá pé bàbá rẹ̀ ni arúgbó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ó bọ̀wọ̀ fún ọ, o sì bú u. Níbí, ẹni tí wọ́n bá kà sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀." Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí i pé ọ̀wọ̀ kì í sùn sí yàrá kan náà ní gbogbo ilé.

Nígbà náà, kò sí tẹlifóònù nínú àpò ẹnikẹ́ni. A máa ń lọ tò síwájú àgọ́ tẹlifóònù onígíláàsì kan nítòsí gáréèjì ni. Ìyá mi á sì ti dúró dè mí ní ilé ọ̀gá kan tó ní tẹlifóònù ní Ṣakí. Ọjọ́ kan, àárò ilé mú mi débi pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá mi ló bi mí léèrè:

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

"Ànàngó ni, Ìyá."

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ mí. Gbogbo wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Màlúù ni wọ́n ń fi orúkọ kan pe gbogbo agbo rẹ̀. Sọ fún wọn pé ọmọ èèyàn ni mo rán wá o."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí ẹní mi, mo pe gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà rò pé mo ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Kí ẹ má wá rò pé àwọn onílé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń ṣe é. "Bawulé", orúkọ ẹ̀yà kan níbẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pe gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà tó bá wá rajà, títí di ọjọ́ tí obìnrin kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ gbé ìdè ilẹ̀kùn tó ti yàn padà sílẹ̀. Ó ní, "Atié ni mí. Ìwọ náà, ṣé Gàná ni ẹ?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Áà! Kì í ṣe Gàná o!" Obìnrin náà ní, "Ó dùn ẹ́, àbí?" Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ó ra ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń kọ́kọ́ bèèrè, wọ́n á ní, "Ìlú wo ni ẹ ti wá, tanti?" Ìbéèrè náà sì mú kí ìsọ̀ wa gbajúmọ̀ ju ìṣó tí a ń tà lọ.

Àwọn ọmọ tí mo bí síbí ńkọ́? Èyí àgbà ní, "Papa, Ànàngó ni mí, kí ló burú níbẹ̀?" Ó ń fi í yangàn. Àbúrò rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀kan fi ṣe fìlà, èkejì kà á sí ẹ̀gún. Mo ti ronú sí i títí, ohun tí mo sì rí kò ju báyìí lọ: bi ẹni tó ni orí léèrè bóyá fìlà náà bá a mu.

Ìgbà tí irun mi ti ń funfun ni mo kó lọ sí Abobo, àdúgbò mìíràn ní Àbíjáàn. Rédíò àdúgbò kan níbẹ̀ fún èdè wa láàyè lọ́sàn-án ọjọ́rú, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ka ìkéde. Wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn yẹn ní, "Papa, je comprends, mais le parler-là, c'est dur." Wọ́n gbọ́ èdè, ẹnu wọn ni kò lè gbé e. Ni wọ́n bá pè mí. Mo ń ka ìkéde ìkómọ, ti òkú, ti àpò tó sọnù. Ọjọ́ kan, mo wọ ilé oògùn láti ra oògùn ẹ̀yìn. Bí mo ṣe lanu, obìnrin tó ń tà á ní, "Ẹ̀yin ni bàbá orí rédíò!" Ó sì pe orúkọ mi, èyí tí ìyá mi sọ mí gan-an, ó pè é bó ṣe yẹ kó dún. Mo gbàgbé oògùn náà sórí tábìlì. Ẹ̀yìn sì ń dùn mí gan-an o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìyá tó sọnù.

Ràfíù ń ta ohun èlò alùpùpù ní Abobo. Àbíjáàn ni wọ́n bí i sí, ará Ṣakí ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ti kú. Àfúé ni ìyàwó rẹ̀, Bawulé ni, láti apá Bouaké, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìyá Ràfíù ń gbé. Ìyá Ràfíù ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ajé kan, Àfúé yí padà níbi tó ti ń fọ abọ́, ó rí i pé ilẹ̀kùn ìta ti ṣí, Màmá ò sì sí.

Wọ́n wá wọn káàkiri àdúgbò títí di ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ Ràfíù kan bá gbé fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó mọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá arúgbó kan sọnù o. Ìyá Ràfíù ni, ará Ṣakí ní Nàìjíríà. Wọ́n ti ń ṣarán." Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yí i sí Faransé, ó ní "vieille folle", arúgbó aṣiwèrè. Ẹni tó gba ti Faransé yí i sí Jùlá, èdè tí wọ́n fi ń nájà níbí, ó ní "fàtọ́", wèrè pátápátá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìpè ti ń wọlé láti gbogbo igun Àbíjáàn. Gbogbo obìnrin tó ń rìn níhòòhò, tó ń bá ògiri jà, tó ń ṣa ìdọ̀tí, ni wọ́n ń pe Ràfíù pé kó wá wò bóyá ìyá rẹ̀ ni. Ó ń lọ. Ó lọ ní gbogbo ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ kan ń sáré láti ọ̀dọ̀ wèrè kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ìyá òun, ó sì ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ ìyá òun.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, wọ́n wá bá mi nílé: Ràfíù, Àfúé, àti Alájì, olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ṣakí ní Abobo. Ràfíù ní, "Bàbá, ẹ bá wa kà á lórí rédíò lọ́sàn-án. Bó ṣe wà nínú fóònù yìí ni kí ẹ kà á."

Mo gbọ́ ohùn náà tán. Mo ní, "Ràfíù, ṣé Màmá máa ń bọ́ra síhòòhò ni?"

"Áà, bàbá! Rárá o!"

"Ṣé wọ́n máa ń lu èèyàn?"

"Màmá tí kò lè pa eṣinṣin!"

"Kí ló wá ń ṣe wọ́n?"

Ó wolẹ̀. "Wọ́n máa ń gbàgbé, bàbá. Wọ́n máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan."

Àfúé ní, "Kì í ṣe gbogbo nǹkan. Mama gbàgbé ti òní. Ti àtijọ́, kò gbàgbé."

Àfúé kì í fi "wọ́n" pe àgbà. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Yorùbá rẹ̀ kò tíì débẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti máa ń kanlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Láàárọ̀, tí mo bá ní 'Ìyá Ràfíù', á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Á máa wá ẹni tí mò ń pè. Á ní, 'Ta ni Ràfíù? Èmi ò tíì lọ́kọ.'"

Ràfíù dìde dúró. "O ò sọ fún mi rí!"

"Kí n sọ kí ni? Pé ìyá ẹ kò mọ̀ ẹ́ láàárọ̀? Nírọ̀lẹ́ tí o bá dé láti ìsọ̀, ó ti mọ̀ ẹ́. Mo ní kí n fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún ẹ."

Alájì ń fi ìka yí tẹ̀síbáà wọn. Èmi ni mo tún bèèrè pé, "Àfúé, láàárọ̀ yẹn, níbo ni Màmá máa ń rò pé àwọn wà?"

"Ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ń dúró de òun ní odò."

Alájì ta gìrì. "Ṣábẹ̀ẹ́ kẹ̀? Ìyàwó Ṣakí ni! Ilé wa ni wọ́n gbé e wá, ilé wa ló bímọ fún. Ẹ wá fẹ́ gbé ìyàwó wa fún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lórí rédíò?"

Mo ní, "Alájì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí wọn ná, ká tó pín wọn."

Àfúé rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Èmi sì ti rí ibi tí omi ti ń jò. Ohun mẹ́ta ni a ti sọ nípa ìyá yìí. A ní Ìyá Ràfíù ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò rántí pé àwọn bí Ràfíù. A ní ará Ṣakí ni, bẹ́ẹ̀ ilé ọkọ ni Ṣakí, ọkàn wọn sì ti padà sí ilé bàbá wọn. A ní wọ́n ń ṣarán, ayé gbọ́ wèrè. Ẹni tó bá rí wọn, tó fi ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi wọ́n léèrè, Màmá á ní, "Kì í ṣe èmi." Òótọ́ ni wọ́n á sì sọ.

"Ràfíù, kí ni orúkọ tí wọ́n sọ Màmá ní kékeré?"

"Ràmátù ló wà nínú káàdì wọn."

"Ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n fẹ́ bàbá rẹ. Ti Ṣábẹ̀ẹ́ ni mò ń bèèrè."

"Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ràfíù ni bàbá mi ń pè wọ́n. Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Ta ló máa ń bi ìyá rẹ̀ pé kí lorúkọ yín?"

N kò bá a wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí ọlá obìnrin ṣe ń pọ̀ sí i láàárín wa ni orúkọ rẹ̀ ń fara pamọ́ sí i. Ọkọ kì í pè é, ọmọ kì í pè é, ìyàwó ilé kì í pè é. Ọmọ rẹ̀ ni a fi ń pè é, ọ̀wọ̀ sì ni. Àmọ́ ọ̀wọ̀ tiwa yìí ti wá dà bí àgádágodo tí a tì mọ́ ẹni sínú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kú lọ.

Ràfíù ní nọ́ńbà ìbátan kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tí wọ́n jọ máa ń kíra lọ́dún iléyá nìkan. A pè é. Ó ní ẹ̀gbọ́n Màmá ṣì wà láyé, ara ò le ṣùgbọ́n etí gbọ́. Ó gbé fóònù tọ̀ wọ́n lọ nínú yàrá. A gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ké, a gbọ́ ewúrẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni ohùn àgbà kan dún, tínrín ṣùgbọ́n kò fì.

"Ta ló sọnù?"

Ràfíù ní, "Màmá mi ni, ẹ mà."

"Ta ni màmá rẹ?"

"Ìyá Ràfíù."

"Èmi ò mọ Ìyá Ràfíù kankan o."

Mo gba fóònù. Mo ní, "Ìyá, àbúrò yín ni. Èyí tó fẹ́ ará Ṣakí, tí wọ́n jọ wá sí Àbíjáàn."

Ewúrẹ́ náà dákẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́? Àbẹ̀kẹ́ mi ló sọnù?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí ni ẹ ń fi pè é níbẹ̀ tí kò fi jẹ́?"

Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ agbóhùn-jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó jù báyẹn lọ.

Nítorí náà, a ti rí orúkọ. Wàhálà tó kù ni ẹnu tó máa pè é. Màmá fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ràfíù ti ń bẹ̀ mí, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Àbẹ̀kẹ́ lórí rédíò. Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Èmi gan-an tún ń ro ohun mìíràn: ọmọbìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ wo ló máa gbọ́ tí ọkùnrin àjèjì ń pe òun ní Àbẹ̀kẹ́, tó máa dáhùn? Á sá ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó tó orúkọ náà pè, ẹni yẹn sì wà létí fóònù.

Mo ní, "Ìyá, ẹ bá wa pè wọ́n. Bí ẹ ṣe máa ń pè wọ́n láti etí odò."

"Nísinsìnyí? Níṣojú gbogbo yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mà."

Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní kí ìbátan náà gbé àwọn jókòó. Wọ́n sì pè é. A gba ohùn náà sílẹ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo jókòó ti bébà, mo ń kọ ìyókù. Mo ti kọ ìkéde púpọ̀, n kò yẹ ọ̀rọ̀ wò tó báyẹn rí. Mo kọ "arúgbó", mo pa á rẹ́. Mo kọ "aláìsàn", mo pa ìyẹn náà rẹ́. Àfúé dúró lẹ́yìn mi bí adájọ́. Mo bá kọ ọ́ báyìí, báyìí náà ni mo sì kà á:

"À ń wá ìyá wa kan. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n kúrú díẹ̀, wọ́n pupa, ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé ló wà lára wọn. Aṣọ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ wọn tutù. Wọ́n máa ń gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n. Wọ́n lè sọ fún yín pé ibẹ̀ làwọn ń lọ, tàbí pé ẹ̀gbọ́n àwọn ń dúró de àwọn létí odò. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kí wọn, ẹ fún wọn ní àga. Ẹ̀gbọ́n wọn nìyí, ó ń pè wọ́n."

Ni a bá gbé ohùn náà sí i:

"Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́! Níbo lo wọlé sí? Máa bọ̀ nílé o! Bí o ò bá tètè dé, màá jẹ ẹja tìẹ!"

Lẹ́yìn náà, Àfúé kà á ní Faransé, ẹni tó ń ka Jùlá sì kà á ní Jùlá. Ìyẹn ti fẹ́ sọ "fàtọ́" nítorí ó yá lẹ́nu. Àfúé wò ó. Ó yí i padà, ó sọ pé "ìyá tó ń gbàgbé". A sì ń gbé ohùn ẹ̀gbọ́n sí i lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A ò tíì kúrò nílé rédíò tí ìpè fi wọlé. Obìnrin kan ni, Sàlí lorúkọ rẹ̀, ó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Boribana. Ó ní kí a máa bọ̀ kíákíá, nítorí pé ìyá kan fẹ́ kúrò nílé òun, òun sì ti di ìró rẹ̀ mú.

Nígbà tí a débẹ̀, Sàlí kọ́kọ́ bínú sí wa. Ó ní, "Ọjọ́ ajé ni mo rí Mama létí omi. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó kí mi dáadáa, ó ní òun ń retí ẹ̀gbọ́n òun. Oòrùn mú, mo ní kó wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́, mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo bi Mama pé, 'Nàìjíríà?' Ó ní rárá. Mo ní, 'Ìyá Ràfíù?' Ó ní òun ò lọ́kọ. Ẹ sì ní wèrè ni. Mama yìí ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ẹja kó má jó! Mo ní, ẹ wo àwọn ọmọ yẹn, ìyá wọn ti ya wèrè, kí Ọlọ́run bá wọn rí i. Mo pa fóònù, mo lọ bu oúnjẹ fún Mama tèmi."

Sàlí ń bá ọ̀rọ̀ lọ: ìsọ̀ aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, rédíò ibẹ̀ kì í kú. Màmá wà nídìí ààrò. Bí ohùn náà ṣe jáde ni Màmá nà ró, ẹja kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n ké pé, "Hẹ̀ẹ́n! Mo ń bọ̀ o! Má jẹ ẹ́!" Ni wọ́n bá gba ọ̀nà ìta.

Wọ́n jókòó sórí àpótí kan lábẹ́ ìbòòji nígbà tí a wọlé, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ràfíù fẹ́ pariwo "Màmá". Àfúé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ràfíù rọra gbẹ́sẹ̀, ó dé iwájú wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn ọ̀sà, pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi ń lọ ìsọ̀.

Jìnnìjìnnì bá Màmá. Wọ́n ká ẹsẹ̀ kò. Ọkùnrin gìrìwò ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin!

"Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta ni yín?"

Ìyá rẹ̀ ń fi "ẹ" pè é. Ó dìde sórí eékún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi. Wọ́n ní kí n wá mú yín lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni? Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ohùn rẹ̀!" Ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ ṣé o. Ó dà bíi pé èèyàn dáadáa ni yín. Ta ni ìyá yín?"

Ràfíù wo èmi, ó wo Àfúé. Kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan lójú wa.

"Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́."

Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Àbẹ̀kẹ́ ni èmi náà! Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí!" Wọ́n na ọwọ́ sí i, ó gbà á mú, wọ́n sì fi í dìde. "Ó yá, ẹ mú mi lọ bá ìyá yín, kí n lọ kí wọn."